Àwọn Ará Pópó Nínú Ìtàn Wáìnì Cape

Oko wáìnì tí ó pẹ́ jù lọ ní Gúúsù Áfíríkà kò jìnnà sí àárín ìlú Cape Town. Groot Constantia ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1685 ni ilé-iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́láńdì tí a mọ̀ sí VOC fi ilẹ̀ náà ta Simon van der Stel lọ́rẹ, ẹni tí ó ń ṣàkóso àwọn òyìnbó tí wọ́n tẹ̀dó sí Cape nígbà náà, wọ́n sì ṣì ń fún wáìnì níbẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ ni ó gbé mi dé Cape Town ní tèmi. Ọjọ́ kan ṣófo nínú ètò ìpàdé wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n ti ń gbé ìlú náà tipẹ́ sì ní kí n má ṣe fi ọjọ́ náà ṣòfò nínú ilé ìtajà, nítorí pé ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo lè rà ní Ìkẹjà. Kí a kúkú lọ sí oko wáìnì, kí n lè rí ohun tí ìlú náà fi ń yangàn.

Kí n sọ òótọ́, n kì í ṣe ọ̀mutí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọtí kì í wọlé àfi tí a bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ tàbí tí àwọn àna bá gbé e wá, ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ, a sì máa gbé èyí tí ó bá ṣẹ́kù pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo fi owó gidi sílẹ̀ láti lọ tọ́ ọtí wò ní ilẹ̀ àjèjì, wọn yóò béèrè bóyá orí mi pé.

Ẹ̀yìn òkè Table Mountain ni Constantia wà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà sísàlẹ̀ lọ sí apá òkun tí wọ́n ń pè ní False Bay. Igi oak ńláńlá ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó wọ inú oko náà. Nígbà tí a kọjá wọn, ilé funfun kan yọ sí wa, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ògiri iwájú rẹ̀ sì ga kọjá òrùlé, wọ́n sì gé etí ògiri náà ní gígé-gígé bí àwọn ará Họ́láńdì ti máa ń ṣe é. Ọgbà àjàrà yí i ká. Oṣù kejì ọdún ni a lọ, ìgbà ìkórè ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà láàárín ìlà àjàrà pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, wọ́n ń gé òṣùṣù èso wọ́n sì ń kó o sínú àpótí ike. Mo sún mọ́ òṣùṣù kan tí wọn kò tíì gé. Èso rẹ̀ kéré ju èyí tí wọ́n máa ń kó wá sí ọjà wa lọ, èèpo rẹ̀ nípọn, nǹkan funfun kan tí ó jọ lẹ́búlẹ́bú sì bò ó lára, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ìka mi kàn nìkan ni ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá, wọ́n ní kí n yé fọwọ́ kan ohun olóhun.

Nínú yàrá ìtọ́wò, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni ó gbà wá ní ìdí tábìlì gígùn kan, ó sì to gíláàsì kalẹ̀ níwájú wa. Kò bu wáìnì kún un. Ibi tí ikùn gíláàsì ti fẹ̀ jù ni ó ń bù ú dé, ó ní a nílò àyè tí ó ṣófo lókè náà nítorí pé ibẹ̀ ni òórùn yóò kó jọ sí. Ẹsẹ̀ gíláàsì ni kí a dì mú, kí ooru ọwọ́ wa má baà ran ọtí. Kí a tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè ìwé funfun kí a lè wo àwọ̀ rẹ̀. Kí a fì í káàkiri nínú gíláàsì, kí a ki imú bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí a tó bù ú sẹ́nu, kí a má sì tètè gbé e mì, kí ó kọ́kọ́ yí gbogbo ẹnu ká. Bí a kò bá fẹ́ mu ún, garawa kékeré kan wà lórí tábìlì tí a lè tu ú sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo rọra bi wọ́n ní èdè wa, “ṣé wọ́n fẹ́ kí n tu ọtí tí mo san owó rẹ̀ dànù ni?”

“Ìwọ ni yóò pinnu ìyẹn,” ni wọ́n dáhùn. “Èmi ní láti tu tèmi nítorí pé èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí pé o ní ìpàdé láàárọ̀ ọ̀la?”

Mo gbé e mì. N kò rò pé ó ṣeé ṣe fún ọmọ tí a tọ́ nílé wa láti tu ohun tí a fi bù ún lálejò jáde níṣojú ẹni tí ó bù ú fún un, bí ó ti wù kí wọ́n sọ pé àṣà ibẹ̀ ni.

Sauvignon Blanc ni a fi bẹ̀rẹ̀. Funfun ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti ewé díẹ̀, òórùn koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sì ni mo gbọ́ lára rẹ̀ kí ó tó kan ètè mi. Ó kan díẹ̀, kíkan rẹ̀ sì mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ṣàlàyé pé atẹ́gùn tútù láti ojú òkun ni ó fà á: ní ibi tí oòrùn ti pọ̀ jù, èso a máa yára pọ́n, dídùn rẹ̀ a sì pa kíkan rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Constantia, atẹ́gùn tí ó ń ti ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn wá kì í jẹ́ kí èso náà kánjú. Chardonnay ni ó tẹ̀lé e, òórùn igi sì wà lára rẹ̀ nítorí pé inú àgbá onígi oak ni wọ́n ti gbé e pamọ́. Kí wọ́n tó lo àgbá bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti yan inú rẹ̀ nínú iná, yíyan náà ni ó sì máa ń fún ọtí ní òórùn fànílà. N kò fẹ́ràn rẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi kò mọ ohun tí ó dára.

Ìgbà tí a dé orí èyí tí ó pupa ni ọ̀rọ̀ náà wá dùn mọ́ mi nínú. Mo ti rò pé omi àjàrà pupa ni ó ń pupa. N kò sì dá nìkan rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé òyìnbó kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ya ẹnu. Omi inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjàrà pupa, funfun ni. Èèpo ni ó ní àwọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe wáìnì funfun, wọn yóò fún omi náà kúrò lára èèpo kíá; bí wọ́n bá fẹ́ ṣe èyí tí ó pupa, wọn yóò fi èèpo àti kóró sílẹ̀ nínú omi náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń hó, títí tí ìwúkàrà yóò fi sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Láti ara èèpo àti kóró náà ni ohun tí ó máa ń fún ẹnu pọ̀ ti ń wá. Pinotage ni ó bù fún wa, wáìnì tí Gúúsù Áfíríkà lè pè ní tirẹ̀ gan-an, nítorí pé ní ọdún 1925 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ní Stellenbosch mú irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti èyí tí wọ́n ń pè ní Hermitage nígbà náà, tí ó sì fi wọ́n bí ẹ̀kẹta. Ó fẹ́ kí ọmọ náà jogún adùn ti àkọ́kọ́ àti agbára ti èkejì. Bí mo ti bù ú sẹ́nu ni omi ẹnu mi gbẹ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì súnkì, àfi bí ẹni tí ó jẹ orógbó ní òfìfo inú. Lẹ́yìn ìyẹn ni adùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ní kí ó bu díẹ̀ sí i.

Ohun kan wà tí mo wá ṣàkíyèsí. Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú. Ó sọ irú òkúta tí ó jẹrà di ilẹ̀ oko náà, ó sọ ìhà tí atẹ́gùn ń gbà wá, ó tilẹ̀ sọ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gé igi tí wọ́n fi kan àgbá. Gbogbo ohun tí ó lè wọ inú ọtí ni ó ní orúkọ fún. Mo wá bi í léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ gbin àjàrà sí ilẹ̀ yìí.

“Simon van der Stel ni,” ni ó wí.

Mo ní ọ̀gá àgbà irú rẹ̀ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó sì nawọ́ sí ilé funfun tí ó wà níta. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìyẹn sí.

Ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nísinsìnyí, ìtàn àwọn ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n fi hàn níbẹ̀. Mo ti mọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo to àwọn ọdún náà tẹ̀lé ara wọn ni ó tó yé mi dáadáa. Ọdún 1652 ni Jan van Riebeeck gúnlẹ̀ sí Cape láti dá ibùdó sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi VOC tí wọ́n ń lọ sí Íńdíà, kí àwọn atukọ̀ lè rí ewébẹ̀, ẹran àti omi. Ọdún 1655 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin àjàrà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1659, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n fún wáìnì láti ara àjàrà Cape fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ẹni tí ó ń ta wáìnì ní agbègbè náà ni ó mọ ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n láàárín gbígbìn àti fífún yẹn ni ọdún 1658 wà, ní ọdún náà sì ni ọkọ̀ méjì kó ẹrú wọ Cape. Amersfoort kó àwọn ará Angola tí àwọn ará Họ́láńdì gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn Potogí lójú òkun. Èkejì, tí ń jẹ́ Hasselt, lọ sí ìhà ọ̀dọ̀ tiwa; etíkun Pópó ni ó ti ra àwọn tí ó kó.

Pópó tí mò ń wí yìí wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ní ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, ní etíkun kan náà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ogún Odùduwà lẹ́nu àwọn àgbà yóò rántí pé nígbà tí wọ́n pín in, Alákétu mú adé, Olówu mú aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni ó kan Olúpópó. N kò sọ pé ọmọ Yorùbá ni àwọn tí wọ́n kó sínú Hasselt. Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn èèyàn mìíràn ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n sì tà ní èbúté kan lè ti wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa ni wọ́n, n kò sì tíì rí ẹnìkan nílé tí ó mọ̀ pé a kó wọn dé ibẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹrú, Bàhíà àti Kúbà ni ọkàn wa máa ń lọ, a kì í ronú kan Cape.

Ọdún 1658 kan náà ni van Riebeeck bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà sí oko tirẹ̀ ní Bosheuvel, ìhà Wynberg, tí kò jìnnà sí Constantia. Ní ọdún náà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Angola àti Pópó wọ̀nyí sá wọ inú igbó. N kò lè gbàgbé ìyẹn. Èèyàn tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé gba ojú òkun, tí kò mọ ibi tí ó wà, ó ṣì gbà pé ẹsẹ̀ òun lè gbé òun dé ilé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń sá gbà náà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní onílé: àwọn Khoikhoi ni wọ́n ń da ẹran níbẹ̀, ní ọdún 1659, ọdún tí wọ́n fún wáìnì àkọ́kọ́, ni ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àti àwọn òyìnbó nítorí ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn Hasselt, VOC kò tún fi bẹ́ẹ̀ ra ẹrú ní apá ọ̀dọ̀ wa mọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Họ́láńdì mìíràn ni ó ni òwò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìkáwọ́. Láti Madagascar, Mozambique, Íńdíà àti àwọn erékùṣù Indonesia ni wọ́n ti ń kó wọn wá nígbà tí van der Stel fi gba Constantia. Ìtàn ilé náà sì lọ́jú ju bí mo ti rò lọ. Van der Stel fúnra rẹ̀, ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin ará Íńdíà tí ó ti ṣe ẹrú rí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Olof Bergh ra ilé náà, nígbà tí òun náà sì kú ní ọdún 1724, ìyàwó rẹ̀, Anna de Koningh, ni ó jogún rẹ̀. Ẹrú ni Anna nígbà èwe rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ tí wọ́n mú wá láti Bengal. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn Anna bí ẹni pé ó tán gbogbo ọ̀ràn. N kò gbà. Nígbà tí Anna di ìyáàfin ní Constantia, àwọn ẹrú ṣì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ̀yìn ilé náà ni ilé àgbá wà, èyí tí Hendrik Cloete kọ́ lẹ́yìn tí ó ra oko náà ní ọdún 1778. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá lọ, wọ́n ń wá ibi tí a ti lè jẹun, ṣùgbọ́n mo dúró pẹ́ níwájú rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọnà tí Anton Anreith ṣe sí òkè ojú ògiri rẹ̀ ní ọdún 1791. Ganymede ni ó mọ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹyẹ idì àti àwọn ọmọdé oníhòòhò tí wọ́n ń ṣe àríyá yí i ká. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, ọmọdékùnrin arẹwà ni Ganymede. Zeus, ọba àwọn òrìṣà wọn, rí i, ó wù ú, ó sì jẹ́ kí idì já a gbà lọ sókè ọ̀run kí ó lè máa bu ọtí fún àwọn òrìṣà títí ayé. Ọmọ tí wọ́n jí gbé láti máa bu ọtí fún ọ̀gá ni wọ́n fi ṣe ilé ọtí lọ́ṣọ̀ọ́, ní oko tí ó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jí gbé ni wọ́n ń gbé àgbá wọlé tí wọ́n sì ń gbé e jáde lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bóyá Cloete ronú kàn án, bóyá kò ronú kàn án. Èmi rò pé kò ronú kàn án rárá.

A padà sí yàrá ìtọ́wò nítorí pé wáìnì aládùn ni wọ́n fi sí ìkẹyìn, òun sì ni ó sọ Constantia di olókìkí. Wọ́n máa ń fi èso náà sílẹ̀ lórí igi títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, omi inú rẹ̀ a dín kù, ṣúgà a sì pọ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọba Yúróòpù. Òun náà ni wọ́n ń gbé lọ fún Napoleon ní erékùṣù St Helena, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í pamọ́ sí láti ọdún 1815 títí tí ó fi kú ní 1821. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí wúrà, ó ki nínú gíláàsì, òórùn òdòdó àti ti ọsàn gbígbẹ sì ń jáde lára rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ pé n kò ní fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nínú ilé funfun yẹn. Ó dùn gan-an ni. N kò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi mí bóyá mo rí ìdáhùn mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo rí i, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ètò rẹ̀. Ó ní oko wáìnì kan, ní agbègbè mìíràn, ni bàbá bàbá òun ti ṣiṣẹ́, ìdajì owó rẹ̀ sì ni wọ́n ń fi ọtí san. Dop ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dá àwọn ẹrú Cape sílẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1838, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóko kò dẹ́kun láti máa fi ife wáìnì olówó pọ́ọ́kú ṣe ara owó iṣẹ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Òfin kà á léèwọ̀ ní ọ̀rúndún ogún, síbẹ̀ kò tán nílẹ̀ kíákíá. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni pé Western Cape, ìpínlẹ̀ tí Cape Town wà, wà lára ibi tí àwọn olùwádìí ti rí ọmọ tí ó pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé tí ọtí ti bàjẹ́ láti inú oyún. Ó sọ ọ́ ní ohùn kan náà tí ó fi sọ̀rọ̀ òkúta àti atẹ́gùn, ó sì yípadà sí àwọn àlejò mìíràn tí wọ́n ń dúró.

Nínú ọkọ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gbin àjàrà náà yẹ kí ó wà ní orí tábìlì ìtọ́wò, kì í ṣe nínú ilé mìíràn tí àlejò lè yàn láti má wọ̀; bí wọ́n bá lè sọ fún mi pé atẹ́gùn òkun wà nínú gíláàsì yìí, kò yẹ kí ó ṣòro láti sọ ti ènìyàn.

“Ta ni ó gbin ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe ọtí Kúbà?” ni wọ́n bi mí. “Ìwọ náà mu ún níbi ìgbéyàwó mi, n kò sì rí i kí o béèrè ìtàn lọ́wọ́ agbọ́tí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn agbọ́tí yẹn kò pe ara wọn ní olùkọ́ni. Àwọn ti Constantia yìí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n gba owó wa fún.”

Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọn kò fèsì. Nígbà tí a dé ojú títì ńlá ni wọ́n ní ó ṣe é gbọ́, ṣùgbọ́n pé n kò gbọ́dọ̀ sọ irú rẹ̀ níwájú ọkọ àwọn, nítorí pé kò ní jẹ́ kí a sùn.

Pinotage ni mo rà. Ìgò kékeré wáìnì aládùn yẹn wọ́n ju ohun tí mo lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nílé lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní: kí ó kọ́kọ́ wọ ilé funfun náà kí ó tó wọ yàrá ìtọ́wò. Bí ó bá tún ní àyè lọ́jọ́ kejì, kí ó lọ sí Slave Lodge ní àárín ìlú, ilé tí VOC kọ́ ní ọdún 1679 láti máa ti àwọn ẹrú tirẹ̀ mọ́. Ó súnmọ́ ọgbà tí àwọn ẹrú náà ń ro fún ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ẹsẹ̀ lásán ni a sì fi ń rìn dé ibẹ̀.